Ilé Kaufmann: Yàrá Tí Kò Lógiri Lórí Òrùlé

Ẹ fojú inú wo fọ́tò Ilé Kaufmann kan. Ìrọ̀lẹ́ ni, lọ́dún 1947, nílùú Palm Springs ní California. Òkè San Jacinto ti ń ṣú lọ lẹ́yìn, iná ilé ti tàn, obìnrin kan sì nà gbalaja sétí adágún ìwẹ̀. Liliane Kaufmann ni, ìyàwó onílé. Julius Shulman tó ya fọ́tò náà ló ní kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí ara rẹ̀ lè bo iná inú omi tó fẹ́ ba àwòrán jẹ́.

Edgar Kaufmann, ọkọ rẹ̀, ló ni ilé ìtajà ńlá kan ní Pittsburgh. Òun kan náà ló gbéṣẹ́ fún Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé, láti kọ́ Fallingwater, ilé tó jókòó lé ìtàkìtì omi. Àmọ́ nígbà tó kan ilé inú aṣálẹ̀, Richard Neutra, ayàwòrán ilé míì tó jẹ́ ọmọ bíbí Vienna ní Austria, ló pè.

Oòrùn ibẹ̀ ń mú ganrínganrín, ìjì sì ń gbé iyanrìn. Neutra pín ilé náà sí apá mẹ́rin tó nà jáde láti àárín, bí ọwọ́ fáànù. Àlàfo tó wà láàárín apá kan sí èkejì ló di àgbàlá. Ògiri gíláàsì lo máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, inú àti ìta á di ọ̀kan. Tí atẹ́gùn bá dé ńkọ́? Lúfà ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nínú ilé onílúfà mọ̀ ọ́n, àmọ́ tibí yìí dúró lóòró, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, èèyàn sì lè yí i síbi tó bá wù ú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Òfin ìlú ò gba pẹ́tẹ́ẹ̀sì nígbà yẹn. Neutra bá gbé àtẹ̀gùn gba ìta lọ sórí òrùlé, ó da nǹkan bo ibẹ̀, ó fi lúfà gba ìjì, ó sì ṣe ibi ìdáná kan fún òtútù alẹ́. Kò mọ ògiri yí i ká, torí náà kò sẹ́ni tó lè pè é ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Gloriette ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gidigidi.

Kaufmann kú ní 1955. Ó dùn mí pé àwọn tó ni ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ dí àgbàlá kan pa, wọ́n sì to ẹ̀rọ amúlétutù sórí òrùlé. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, tọkọtaya kan rà á, wọ́n sì gbé e fún iléeṣẹ́ Marmol Radziner láti dá a padà sí bó ṣe wà. Wọ́n wá òkúta tó bá ti àtijọ́ mu lọ sí Utah. Àwọn fọ́tò Shulman, títí kan àwọn tí aráyé ò tíì rí rí, ni wọ́n tẹ́ síwájú bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́.