Ẹ Má Fi Oògùn Dá Ọmọ Lóró

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ jẹ́ ká tètè dé ibi tó ń dùn wá.

Lọ́sẹ̀ yìí a tún gbẹ́ sàréè kékeré kan. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni, ìgbẹ́ gbuuru ló ṣe é. Wọ́n rí i pé àwùjẹ̀ orí rẹ̀ jìn wọnú, wọ́n lẹ ewé mọ́ ọn. Wọ́n wá di imú rẹ̀, wọ́n rọ ọ́ lágbo. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí àgbo náà gbà. Sàráà ni ẹni tó sè é kà á sí.

Àwùjẹ̀ tó jìn kì í ṣe àìsàn orí. Omi ló ti tán lára ọmọ. Ọmọ tí a sì di nímú kò ní ṣàì mí: bó bá ti la ẹnu pé kí òun mí, àgbo á gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Umm Kays ọmọ Mihsan, tí òun àti Ukkasha, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe híjírà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ tí kò tíì máa jẹun wá sọ́dọ̀ Ànábì, ọmọ náà tọ̀ sí Ànábì lára. Kò jágbe mọ́ ìyá, kò ti ọmọ dànù. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó wọ́n ọn síbẹ̀, ó parí. Obìnrin yìí tún gbé ọmọ wá nígbà tí ọ̀fun ń dun ọmọ, irú èyí tí àwa ń pè ní bẹ́lúbẹ́lú. Ó ti ti ìka bọ ọmọ lẹ́nu, ó ti fi tẹ ọ̀fun rẹ̀. Ànábì wò ó, ó ní: kí ló dé tí ẹ fi ń tẹ ọmọ yín lọ́fun báyìí? Ẹ lo igi Índíà yìí, ìwòsàn méje ló wà nínú rẹ̀. Ó sì là á sílẹ̀: ti ọ̀fun, imú ni ẹ ó gbà lò ó, ti àrùn ìhà, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni. Bùhárì àti Múslímù, àwọn tó kó hádíìsì Ànábì jọ, ló gbà á wá.

Ẹ ò rí i? Kò ní kí wọ́n má lo igi. Oró tí ìyá fi ń dá ọmọ ló kọ̀, ó sì sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà lo igi náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ alásàlátù tí ẹ fẹ́ ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ọmọ wẹ́wẹ́, kí nọ́ọ̀sì àti eléwé ọmọ jọ jókòó, ó dára. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ wọn ọmọ kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan, kò sí àgbo, kò sí omi, àyàfi oògùn tí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ fún un. Oyin tí Ọlọ́hun pè ní ìwòsàn, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1: kòkòrò àìfojúrí tí kì í sábà ṣe àgbà ní nǹkan lè wà nínú rẹ̀, ó ń pèsè májèlé nínú ìfun ọmọ, májèlé náà á sì rọ iṣan rẹ̀. Ọmọ tó ti kọjá ọdún kan tó ń wúkọ́, ìdajì ṣíbí ìmutíì oyin lálẹ́ ti tó.

Ìgbẹ́ gbuuru, ORS ni, ìyẹn iyọ̀ òun ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ti lítà omi 1, ìyẹn píọ́ wọ́tà 50cl méjì. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá tú u sínú ife kan, iyọ̀ ló ń fi pa ọmọ. Ṣíbíṣíbí ni kẹ́ ẹ fi fún un, 50 sí 100 mílílítà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Bó bá bì í, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kọjá wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ẹ fi oògùn síńkì kún un: 20 mílígíráàmù lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, fún ọjọ́ 10 ó kéré tán, bí ìgbẹ́ tilẹ̀ dúró lọ́jọ́ kejì. Ibí yìí gan-an ni àwọn ìyá ti ń dáwọ́ dúró.

Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e dé ibi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ náà. Ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń mú èémí rẹ̀ falẹ̀. Gìrì lè dúró kí ọmọ má sì jí mọ́. Ànábì ní ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìwòsàn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Pé o kò gba owó kò yọ ọ́ níbẹ̀.

Oògùn òyìnbó náà ńkọ́? Láàárín 2008 sí 2009, oògùn eyín ọmọ tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹni tó ń kó oògùn tó ti kọjá ọjọ́ wá fi ṣe sàráà, kó lọ ka Súúrà Bákórà, áyà 267, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a má fi ohun tí kò dára ṣe sàráà.

Ọmọ tí kò lè mu ọmú mọ́, tó ń bi gbogbo ohun tó bá mu, tó mú gìrì, tàbí tó ń sùn tí kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn ló kàn, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù. Wàllàhì, ó sú wa: à ń se ìkòkò ìrẹsì mẹ́rin ní fídáù, síbẹ̀ akápò mọ́ṣáláṣí kò ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ kan dé Ṣàgámù lóru.

Kí ẹnikẹ́ni má bú ìyá ọmọ yẹn. Ìfẹ́ ló fi di imú ọmọ rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ lọ fún un lónìí lẹ́yìn ìrun, kẹ́ ẹ sì mú ORS àti síńkì dání, torí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń yàgbẹ́ láti àná.