Kànga Kan Ni Gbogbo Wa Ń Pọn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olóúnjẹ sọ ní Ìbàdàn rèé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin tí a jọ ń dáná. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a lè ṣe tí ọjà kò fi ní tán lọ́wọ́ wa lójijì, àti bí òwò ṣe lè dúró nígbà tí ọ̀nà bá dí. Inú ìkòkò tèmi ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, aláta mẹ́ta ni mo ń rà lọ́wọ́ wọn ní Bódìjà. Ọkàn mi balẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì á wà. Bí èkejì bá gbówó lé e, ẹ̀kẹta á gba ẹ̀bẹ̀. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ní àwọn kò gbé ẹrù wá sí gúúsù mọ́. Wọ́n dá tírélà dúró ní Jẹ́bà. Mo dé ọ̀dọ̀ aláta àkọ́kọ́, pẹpẹ rẹ̀ ṣófo. Mo dé ọ̀dọ̀ èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta jókòó sórí àpótí, ó da apẹ̀rẹ̀ méjì dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Oníbàárà mi, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ṣáṣá ni gbogbo wa ti ń rà á."

Ọdún mélòó ni mo ti ń ra ata lọ́wọ́ wọn! N kò bi wọ́n léèrè rí. Àwọn aláta mẹ́ta tí wọ́n ń bu ọjà níbì kan náà, aláta kan ṣoṣo ni wọ́n.

Àkókò tí ó bọ́ sí ló tún jẹ́ kí ó le. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Kánò, Kàdúná, Katsina àti àyíká wọn ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí à ń sè níhìn-ín ti ń wá, torí pé wọ́n ń fa omi wọ oko níbẹ̀. Òkè-Ògùn náà ń gbin ata àti tòmátì, ó sì dára, ṣùgbọ́n òjò ni púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbójú lé. Ẹ rántí ọdún 2016 náà. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta, tí aráyé sọ ní Ẹ̀bólà tòmátì, ya wọ oko ní Kàdúná. Ìdin rẹ̀ a máa jẹ inú ewé, a sì máa gbẹ́ èso wọ inú. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ tòmátì. Kòkòrò lọ́dún yẹn, ìjà lọ́dún 2021, ibì kan náà ni ìyà rẹ̀ ti já bọ́ sí wa lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìkàwé ló fà á. Toyota náà kó sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Jàpáánù, òkun sì ya bo ìlú. Toyota mọ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fún un. Àwọn tí àwọn yẹn ń rà lọ́wọ́ wọn, àti àwọn tó tún wà lẹ́yìn wọn, kò mọ̀ wọ́n dáadáa. Èrò wọn ni pé bí èèyàn bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ ni àwọn olùtajà á máa pọ̀ sí i, bí gbòǹgbò igi ṣe ń tàn kálẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ̀ ọ́ délẹ̀, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò náà tún lọ pàdé nísàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ Renesas kan ní ìlú Hitachinaka ló ń ṣe ẹ̀rọ tíntìntín tí wọ́n ń pè ní "chip", tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀, fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́. Nígbà tí ibẹ̀ bàjẹ́, àwọn tó ń bára wọn du oníbàárà kó òṣìṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀ láti jọ tún un ṣe. Oṣù kẹfà ló tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, Toyota kọ orúkọ àwọn olùtajà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, àti ti àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan lọ́ra láti sọ. Ó tún ní kí àwọn tó ń tà fún un máa tọ́jú ẹ̀rọ tíntìntín yẹn pamọ́, èyí tí yóò tó oṣù méjì sí oṣù mẹ́fà. Toyota yìí kan náà ló kọ́ aráyé pé kíkó ọjà jọ jẹ́ ìfiṣòfò o! Nígbà tí ẹ̀rọ náà wọ́n káàkiri ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn mìíràn ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, Toyota ṣì ń ṣe ọkọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kàn án, ṣùgbọ́n ó padà kàn án: nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ó ti dín iye ọkọ̀ tó ń ṣe kù gan-an. Ọjà ìpamọ́ kì í lé ìyọnu lọ, àyè ni ó ń rà fún ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìdádúró ti Jẹ́bà kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ti búkà pa. Ọ̀gá kan tí mo ń gbé oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ wá ẹlòmíràn, kò sì padà. Ìdajì àpò ṣọ̀mbọ̀ gbígbẹ ì bá gbà mí. Nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ mọ iye tí màá tọ́jú, ọjọ́ ni mo ń kà: bí ọ̀nà bá dí lónìí, ọjọ́ mélòó ni yóò gba ata láti gba ibòmíràn dé ọ̀dọ̀ mi? N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbójú lé fírísà pẹ̀lú iná tiwa yìí. Ẹ sá a gbẹ.

Ibòmíràn yẹn ńkọ́? Mo rí àgbẹ̀ kan ní apá Ṣakí tó ní odò lẹ́bàá oko, tó ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó ọkọ̀ láti ibẹ̀ ń dùn mí. Síbẹ̀, mo ń ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kódà nígbà tí ata Bódìjà bá pọ̀ bí yanrìn. Bí n kò bá rà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan rọ̀, kí ni yóò mú kí ó dá mi mọ̀ láàárín àwọn tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó bá le?

Ìyá àgbà kan tó ń se ẹ̀wà àgànyìn béèrè pé, "Tí mo bá bi alágbàtà mi níbi tó ti ń rà á, kò ní rò pé mo fẹ́ fo òun kọjá lọ síbẹ̀ ni?" Ẹ̀rù náà tọ́, torí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ìyá sọ fún un ní tààrà pé òun kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá kò jẹ́ kí n parí, wọ́n ti yọ fóònù.

"Ọmọ mi, tàtàṣé gbígbẹ tí o ń kó wá yìí, ibo gan-an lo ti ń rà á?"

Ìyá gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo wa gbọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá, Ìṣẹ́yìn ni nígbà òjò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, Ṣáṣá náà ni gbogbo wa ń lọ."

Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yíjú sí ọmọ ọmọ wọn, wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù rẹ̀.