Agolo Idẹ, Rósárì àti Bọ́ọ̀lù Kan: Ẹrù Àwọn Ọmọ Ogun Írẹ́lándì

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Mo tún un tò díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi àwàdà inú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.)

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí ẹ bá jáde níhìn-ín tí ẹ forí lé Camberwell, ẹsẹ̀ lásán á gbé yín dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun London Irish Rifles. Bọ́ọ̀lù awọ kan tó ti gbó wà níbẹ̀. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915, ní Loos ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń gbá a síwájú bí wọ́n ṣe ń jáde nínú yàrà lọ kojú ìbọn àwọn ará Jámánì. Àwọn ọ̀gá ti kìlọ̀ pé àwọn kò fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Frank Edwards tú afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, ó há a mọ́ abẹ́ ẹ̀wù, ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde ló tó fẹ́ ẹ. Orí wáyà ẹlẹ́gùn-ún àwọn ọ̀tá ni bọ́ọ̀lù parí ìrìn rẹ̀ sí.

Ẹ rín in, kò burú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù yẹn kò nílò èmi kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹrù tí kò gbajúmọ̀ ni mo gbé wá.

Ó lé ní 200,000 ọmọ Írẹ́lándì tó jà nínú ogun yẹn fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí Írẹ́lándì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Iye tó kú nínú wọn, àwọn òpìtàn kò tíì parí ìjà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sọ pé 35,000 ni. Ìwé ìrántí tí wọ́n tẹ̀ ní Dublin ní ọdún 1923 to orúkọ tó lé ní 49,000, torí wọ́n ka àwọn tí kì í ṣe ọmọ Írẹ́lándì mọ́ ọn, bí wọ́n bá ṣáà ti kú nínú ẹgbẹ́ ogun ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó síwájú yẹn (ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sá lọ) máa ń sọ pé ìwé ìjọba nìkan ni ẹ̀rí, pé ẹrù kò lẹ́nu. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹrù wò.

Agolo idẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ rí. Kérésì ọdún 1914, wọ́n fi orúkọ Mary, ọmọbìnrin ọba, ọmọ ọdún 17, kó owó jọ láti fún àwọn ọmọ ogun lẹ́bùn. Agolo náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú Mary wà láàárín ọmọrí, lẹ́tà M wà lọ́tùn-ún lósì, orúkọ àwọn ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì sì yí etí rẹ̀ ká. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí Jèpáánù níbẹ̀. Tábà àti sìgá ni ẹ̀bùn náà, pẹ̀lú ìkòkò tábà. Ẹni tí kì í fa sìgá gba súìtì àti pẹ́ńsùlù ìkọ̀wé. Wọ́n tilẹ̀ rántí fi èròjà ọbẹ̀ sí ti àwọn ọmọ Íńdíà. Tábà tán, agolo kù, ó wá di àpótí tí wọ́n ń kó lẹ́tà, fọ́tò àti bọ́tìnnì sí. Ó ṣòro kí ẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ológun kan ní Írẹ́lándì kí ẹ má bá ọ̀kan.

Àwọn Kátólíìkì inú wọn gbé rósárì sápò, wọ́n sì rán àmì Ọkàn Mímọ́ Jésù mọ́ ẹ̀wù. Bí mo bá pè é ní ońdè, àwọn fadá á lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá ń so mọ́ ọmọ tó ń lọ ogun.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń tẹnu mọ́, tó ti sú àwọn kan yín, nìyí: ẹrù tó wà nínú gíláàsì kò sọ ẹni tó jà jù fún wa. Ó sọ ẹni tó ní ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò tó ní àpótí. Ẹ wo Tom Kettle. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọrọ̀ ajé ni, ó ti jẹ́ aṣòfin ní Westminster rí. Ojú ogun Ginchy ní ilẹ̀ Faransé ló kú sí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916. Ọ̀gágun ọmọ ọdún 18 kan, Emmet Dalton, wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀gágun mìíràn, Boyd, ti kó ìwé àti ohun gbogbo inú àpò Kettle kó lè tọ́jú wọn fún opó rẹ̀. Kò pẹ́ tí àgbá fi balẹ̀ lé Boyd lórí. Ó run. Òkú Kettle náà sọnù. Ara òkúta ìrántí àwọn tí kò ní sàréè, ní Thiepval, ni orúkọ rẹ̀ wà. Kò sí àtẹ kankan tí ẹ ti lè rí ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ó ní ìyàwó tó ń dúró dè é.

Dalton yìí kan náà ló wà pẹ̀lú Michael Collins, aṣíwájú nínú ìjà òmìnira Írẹ́lándì kúrò lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìbọn pa á ní oṣù Kẹjọ ọdún 1922. Ẹ̀wù àwọ̀lékè ológun Collins wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Dublin, gbogbo ayé ń lọ wò ó. Ẹlẹ́rìí kan, ogun méjì, ọ̀kan nínú wọn ló ní olùtọ́jú. Nellie Gifford-Donnelly, tóun fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Dublin ní ọdún 1916, kó ohun ìrántí àwọn ajìjàgbara jọ títí wọ́n fi pàtẹ rẹ̀ ní ọdún 1932. Ẹ̀wù abẹ́ James Connolly, ọ̀kan nínú àwọn olórí ọ̀tẹ̀ náà, tó lẹ́jẹ̀ lára wà níbẹ̀ dòní. Àwọn tó jà fún ọba ńkọ́? Lẹ́yìn ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi abọ́ idẹ pẹrẹsẹ ránṣẹ́ sí ilé olóògbé kọ̀ọ̀kan: kìnnìún lára rẹ̀, orúkọ òkú láìsí oyè ológun, kí ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn lè dọ́gba. Penny òkú ni àwọn èèyàn ń pè é. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Írẹ́lándì tì í sínú dúrọ́ọ̀ nítorí ojú aládùúgbò. Ọgbà ìrántí wọn ní Islandbridge, ní Dublin, tí wọ́n ti kọ́ tán kí ogun kejì tó gbóná, ọdún 1988 ni wọ́n tó yà á sí mímọ́. Àwọn tó ń sọ pé ìgbàgbé ló fà á ń tàn yín jẹ. Wọn ò gbàgbé. Ojú ló ń tì wọ́n.

Alága ti ń wo aago. Kíákíá: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Dublin yẹn, ní ọgbà tí ọmọ ogun Royal Dublin Fusiliers ti gbéra lọ sí ojú ogun Gallipoli ní ilẹ̀ Tọ́kì, ṣí àtẹ ńlá lórí ọmọ ogun Írẹ́lándì ní ọdún 2006. Ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ológun ní Enniskillen àti Armagh náà. Congo ọdún 1960, tí àjọ UN rán ọmọ ogun Írẹ́lándì lọ pẹ̀tù síjà, wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ onírun nínú oòrùn; mẹ́sàn-án kú ní Niemba. Adékúnlé Fájuyì tiwa náà jà ní Katanga, ó gba Military Cross, àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà. Ẹ pè mí padà fún ìyẹn.

Màmá kan dìde láti ẹ̀yìn. “Olùkọ́, ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́ ti ìyá ará Írẹ́lándì. Akoto ẹlẹ́nu ṣóṣóró ti Jámánì tí ẹ fi hàn wá lára ògiri, ìyá ta ló fún wọn?”

Ìbéèrè yìí gba ìyókù àṣálẹ́ lọ́wọ́ mi. Akoto yẹn, àti ìdè bẹ́líìtì tí wọ́n kọ “Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa” sí ní èdè Jámánì, ara òkú tàbí ara ẹrú ogun ni wọ́n ti bọ́ ọ. Ilé kan ní Prussia, ìpínlẹ̀ tó tóbi jù ní Jámánì nígbà náà, kò rí ẹrù gbà, bí opó Kettle. Ẹnìkan kígbe pé, “Benin, 1897!” Gbọ̀ngàn dàrú. Òótọ́ ni: ẹrù Benin wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Dublin kan náà, ní ọdún 2021 ni wọ́n kéde pé àwọn máa dá a padà. Mo ní n kì í ka ọmọ ogun tó mú akoto kan nínú ẹrẹ̀ mọ́ ìjọba tó rán ológun lọ kó ààfin. Màmá ní òun kò kà wọ́n mọ́ ara wọn: kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí orúkọ wà nínú àwọn akoto kan.

Ọ̀rẹ́ mi wá dìde, ó ní ìwé ìjọba Prussia ló máa tú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò. Mo rán an létí pé bọ́ǹbù jó ìwé ọmọ ogun Prussia ní Potsdam ní oṣù Kẹrin ọdún 1945. Ó ní òun máa dá mi lóhùn ní oṣù tó ń bọ̀, tí àga yìí bá kàn án.