Lẹ́yìn Tí Káàdì Àjẹsára Bá Ti Wọ Àpótí

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, mo fẹ́ kí ẹni tó bá mọ ibi tí káàdì àjẹsára ọmọ rẹ̀ tó wà ní Pírámárì 3 wà lónìí nawọ́ sókè. Ọwọ́ tí mo rí kò tó márùn-ún, ẹ̀rín ló sì pọ̀ jù. N kò bi yín láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọwọ́ ni ètò ìlera wa ń wò jù: a gbé e lọ gba BCG, abẹ́rẹ́ tí ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, nígbà tí a bí i, a padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, a gba ti èèyí (measles) àti ti ibà pọ́njú ní oṣù 9, a tún gba ti èèyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù 15, nọ́ọ̀sì sì ní kí a tọ́jú káàdì wa dáadáa. A tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ó wọ àpótí, kò sì sẹ́ni tó tún bèèrè rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbà yìí gan-an ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ̀lú ogójì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kan, tí wọ́n ń mu omi nínú ife kan náà, tí wọ́n sì ń yá ara wọn ní bírò tí wọ́n ti fi eyín jẹ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà “àjẹsára” ti wà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ohun tí èèyàn jẹ sí ara ni, kí ibi má baà ràn án. Ẹni tó kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe abẹ́rẹ́ mọ ohun tó ń ṣe, nítorí pé abẹ́rẹ́ ń fi ojú ọ̀tá han àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrántí wọn a máa ṣá. Ẹ wo gbọ̀fungbọ̀fun, ìyẹn diphtheria, tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ: agbára abẹ́rẹ́ tí ọmọ gbà ní ọ̀sẹ̀ 14 ń dín kù bí ó ṣe ń dàgbà, ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dábàá pé kí a tún un gbà ní ọdún kejì ayé ọmọ, láàárín ọdún 4 sí 7, àti láàárín ọdún 9 sí 15. Nígbà tí àrùn yìí jà ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, tí ó sì le jù ní Kánò, àwọn ọmọ ọdún 1 sí 14 ló mú jù. Ní ti èèyí, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé ó lè pa ìdá 11 sí 73 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà tí ara ọmọ ti kó jọ láti fi bá àwọn àrùn mìíràn jà rẹ́. Ọmọ tí èèyí ṣe tó sì yè ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìjà lákọ̀tun. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin, ẹ rántí pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ HPV ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà fún ọmọ ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń gbà á. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló ń dènà, kì í sọ ọmọ di àgàn.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni ti tọ́níìkì: èwo ni kí a rà tí ọmọ kò fi ní máa ṣàìsàn? Inú ìkòkò ni mo máa ń ní kí wọ́n wò. Ilé kan wà tí a ti ń gbé òkè àmàlà síwájú ọmọ, tí ẹran rẹ̀ kò sì ju èékánná lọ, nítorí wọ́n ní ọmọdé tó bá ń jẹ ẹran àti ẹyin yóò ya olè. Àwọn èròjà tí ń bá àrùn jà yẹn, puròtéènì ni ara fi ń ṣe wọ́n. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja àti ẹyin kan sì lè pèsè rẹ̀ ju ìgò tí a fi àwòrán ọmọ sanra lẹ̀ lára lọ. Epo pupa àti ẹ̀fọ́ ń fún ọmọ ní fítámì A, tí ń tún awọ inú ọ̀fun àti ìfun ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ epo náà títí ó fi funfun, ẹ ti sun ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ jóná.

Oúnjẹ tó dára pàápàá, aràn lè bá ọmọ pín in. Ọ̀kan nínú wọn a máa gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà wọlé, a sì máa mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Oògùn aràn tí ń jẹ́ albendazole, 400 mg, ẹyọ kan péré, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ni wọ́n ń fún ọmọ ilé ìwé níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀. Mo sì wo kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ bí mo ṣe ń wọlé: omi wà nínú rẹ̀, ọṣẹ ni n kò rí.

Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Èyí tó wo tẹlifíṣọ̀n di aago mẹ́wàá alẹ́, tí a jí ní aago márùn-ún nítorí bọ́ọ̀sì ilé ìwé, wákàtí 7 ló sùn. Ẹ má gbàgbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Ọmọ ilé ìwé lè ṣe ọ̀fìnkìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún kí ara rẹ̀ sì le. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tí a ń rà ní kẹ́míìsì kì í pa kòkòrò ọ̀fìnkìn. Ṣùgbọ́n èyí tí òtútù àyà mú lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, tí etí rẹ̀ ń ṣọyún léraléra, tàbí tí ó ń rù, ẹ gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ sì mú káàdì yẹn dání. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti sọnù, kí ó padà sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó ti gba abẹ́rẹ́ nígbà náà, kí ó sọ ọdún tí a bí ọmọ, kí wọ́n bá a yẹ ìwé wọn wò.