Obìnrin tó jókòó ti ìwé owó ní Lévis

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ìtàn ẹgbẹ́ yín, ta ni wọ́n ń dárúkọ? Ààrẹ ni. Òun ló wà láàárín nínú fọ́tò. Ẹni tó mọ ẹni tó san, tó sì mọ ẹni tó ń fi ara pamọ́, igun fọ́tò ló máa ń wà, bí wọ́n bá tiẹ̀ pè é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Lévis ló gbé, ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà.

Dorimène Desjardins ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1858, ó fẹ́ Alphonse ní 1879, ó sì bí ọmọ mẹ́wàá fún un. Iṣẹ́ Alphonse ni kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sílẹ̀ ní Ottawa, olú-ìlú Kánádà, bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Níbẹ̀ ló ti gbọ́, ní 1897, nípa ọkùnrin kan tó yá 150 dọ́là tí wọ́n ní kó san èlé 5,000 dọ́là. Àwọn olówó èlé tiwa ń sọ ogún di ogójì, a ń pariwo. Ti ibẹ̀ yẹn kọjá ariwo.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 1900, àwọn ará Lévis dá caisse populaire sílẹ̀, ìyẹn àpótí owó ará ìlú. Ìpín kan jẹ́ 5 dọ́là. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ gba owó. Sẹ́ǹtì 10 ni ẹni àkọ́kọ́ mú wá. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 40. Ilé Desjardins ni ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n bí ilé ìgbìmọ̀ bá ti wọlé ìjókòó, Ottawa ni bàbá ń lọ, ó ju 400 kìlómítà lọ, ó sì lè lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò wá ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ san owó? Dorimène ni. Ó ń gba owó, ó ń fúnni ní ẹ̀yáwó, ó ń ṣírò ìwé, àwọn ọmọ sì wà nílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò gba owó oṣù kankan. Alájọ wa, ẹ̀wẹ̀, ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jà.

Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ náà ti wúwo jù kì í ṣe ìṣirò. Títí di 1906, kò sí òfin kan tó dáàbò bo irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Quebec. Owó aládùúgbò wà nínú ilé Dorimène, bó bá sì ṣòfò, ìdílé rẹ̀ ni wọn yóò wá bá. Ẹ̀rù bà á gan-an, bẹ́ẹ̀ ìwé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rù yẹn. Akápò tí owó olówó kò bà lẹ́rù, ẹ máa ṣọ́ ọ. Oṣù kẹta ọdún 1906 ni òfin náà jáde.

Alphonse kú ní 1920. Nígbà yẹn, irú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Quebec ti ju 150 lọ. Ọ̀dọ̀ Dorimène ni àwọn aṣíwájú ń wá gba ìmọ̀ràn, nítorí ó mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ní lọ́kàn, ó sì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn gan-an.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tí kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀: lábẹ́ òfin Quebec ìgbà náà, obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè dá ọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i. Ìyá tí gbogbo àdúgbò fi owó wọn sí lọ́wọ́! Ọdún 1964 ni wọ́n yí òfin náà padà. Dorimène ti kú láti 1932.