Afẹ́fẹ́ Bìrìtéènì: Ta Ló Ń Kó Èrè Rẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Tọ́báìnì afẹ́fẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ìyẹn òpó gíga tó ní abẹ̀bẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń yí kó lè pèsè iná mànàmáná. Kò sí ibi púpọ̀ ní Yúróòpù tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tó ti Bìrìtéènì, àmọ́ abúlé tó ní tọ́báìnì tara rẹ̀ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ wá wo Dẹ́nmáàkì. Nínú òkun létí ìlú Copenhagen, tọ́báìnì 20 ló wà ní Middelgrunden láti ọdún 2000. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni 10 nínú wọn. Wọ́n pín in sí ìpín 40,500, àwọn tó rà á sì lé ní 8,000 ènìyàn.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣì í rèé, ẹ fara balẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ri tọ́báìnì sẹ́bàá abúlé ní Bìrìtéènì, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa fún ará ìlú ní 5,000 pọ́ùn lọ́dún lórí mẹgawáàtì (ìwọ̀n agbára tọ́báìnì) kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn ènìyàn a dùn, wọ́n á ní, "Àwa náà ti jẹ níbẹ̀." Rárá o! Ẹ mú bírò. Tọ́báìnì mẹgawáàtì 2, ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 10,000 pọ́ùn. Èló wá ni tọ́báìnì náà ń pa? Ẹ má kàn fi 2 sọ wákàtí 8,760 inú ọdún di púpọ̀ kẹ́ ẹ dákẹ́ síbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ gba ìdá 27 nínú 100 péré. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí mẹgawáàtì-wákàtí 4,730 lọ́dún (ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ iná tí mẹgawáàtì kan ń pèsè ní wákàtí kan). Ká ní 50 pọ́ùn la ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 236,500 pọ́ùn! Ẹ yọ owó àtúnṣe, owó ilẹ̀, ìbánigbófò àti gbèsè báǹkì kúrò níbẹ̀. Èyí tó kù, pàápàá lọ́jọ́ tí gbèsè bá tán, onítọ́báìnì ló ni ín.

Ẹ̀BÙN KÌ Í ṢE ÌNÍ. Mo tún un sọ: ẹ̀bùn kì í ṣe ìní!

Ẹ rántí ìṣákọ́lẹ̀. Onílẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tó dá oko kòkó ló ń kó àpò kòkó lọ ta. Onílẹ̀ tiẹ̀ sàn, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Abúlé tó ń gba 10,000 pọ́ùn yẹn kò ní òpó, kò ní abẹ̀bẹ̀, kò ní ohùn nínú ìpàdé ilé-iṣẹ́.

Kì í ṣe pé Bìrìtéènì kò bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2004, erékùṣù Gigha ní Skọ́tílándì ra àlòkù tọ́báìnì 3, kílówáàtì 225 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2008, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Westmill gbé 5 dúró nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2010, ìjọba gbé iye owó kan kalẹ̀ tí wọn yóò máa san lórí iná, tí kò ní yẹ̀ fún 20 ọdún. Báǹkì fẹ́ràn irú ìyẹn gan-an. Àfi bó ṣe di oṣù kẹfà ọdún 2015, tí òfin tuntun jáde fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ilẹ̀ àdúgbò pé ibẹ̀ yẹ fún tọ́báìnì, gbogbo àròyé ará àdúgbò sì gbọ́dọ̀ ti níyanjú. Ìwọ̀nba ènìyàn tó bá yarí ti tó láti dá iṣẹ́ dúró.

Ta ló kàn jù? Abúlé ni! Owó ìwádìí ẹyẹ, owó ìwọn afẹ́fẹ́, owó agbẹjọ́rò, gbogbo rẹ̀ lẹ ó san kí ìwé àṣẹ tó jáde. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní ibi 10 lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, 9 kù. Abúlé ní ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n fi máa mú òfin náà kúrò ní oṣù keje ọdún 2024, owó tí kì í yẹ̀ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún oníbéèrè tuntun láti oṣù kẹta ọdún 2019. Ilẹ̀kùn ṣí, àmọ́ àwo oúnjẹ ti kúrò lórí tábìlì.

Ó dáa, abúlé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn oníwáyà iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, KÍ Ẹ TÓ náwó sórí ohunkóhun. Bí wáyà àdúgbò bá ti kún, ìwé àṣẹ kò lè mú iná jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn afẹ́fẹ́ fún odindi ọdún kan, níbi gíga tí ìdí abẹ̀bẹ̀ máa wà, kì í ṣe lórí òrùlé! Bí ẹ bá fẹ́ fi agbára afẹ́fẹ́ wéra, iye eré rẹ̀ lẹ ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn: afẹ́fẹ́ mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5, ó jẹ́ 125. Mítà 6 jẹ́ 216. Mítà kan péré ló lé, agbára sì fi ìdá 73 nínú 100 ga sí i. Ẹni tó bá ṣi ìwọ̀n díẹ̀, ó ti ṣi owó rẹpẹtẹ.

Bó bá sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń bọ̀ wá bá yín, òfin tí Dẹ́nmáàkì ṣe ní 2008 ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí. Kí wọ́n tó fagi lé apá yìí ní 2020, òfin yẹn ní kí oníṣẹ́ fi ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 ìpín lọ àwọn tó ń gbé láàárín kìlómítà 4.5, ní iye tó ná wọn láti kọ́ ọ gan-an. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè. Kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, torí bí tọ́báìnì bá ti ń yí tán, iye ọjà ni wọ́n á fi tà á fún yín.