Bí A Ṣe Ń Mú Mọ́tò Dúdú Dán Fún Òde Ayẹyẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ wo bónẹ́ẹ̀tì mọ́tò dúdú yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni, ó sì ń dán lójú ẹni tó bá dúró lókèèrè. Ẹ jẹ́ kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣé ẹ rí i? Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí iná náà ká bí òwú aláǹtakùn. Bí mo ṣe ń gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sápá ọ̀tún, róbótó náà ń bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ya róbótó kankan sára ọkọ̀ yìí o. Gbogbo ara rẹ̀ ni ilà kún, òmíràn wá síbí, òmíràn lọ sọ́hùn-ún, àmọ́ àwọn tó dábùú iná nìkan lojú wa ń rí.

Mọ́tò funfun náà ní irú ilà yìí. Ọ̀dà funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà láti gbogbo ara rẹ̀, torí náà ti ilà á sọnù sínú rẹ̀. Dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni. Ìwọ̀nba èyí tí etí ilà bá dá padà, òun ló máa yọ sójú gbogbo ayé.

Ibo wá ni ilà ti ń wá? Ọwọ́ wa ni. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń kó eruku wá láti aginjù Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Eruku náà á balẹ̀, á pàdé erùpẹ̀ pupa tí àwọn zẹ́míjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà wa, ń gbé sókè lójú ọ̀nà. Kuọ́ọ̀tsì tó wà nínú yanrìn wà nínú rẹ̀, ó sì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ nu eruku yìí, yanrìn ló fi ń ha ọkọ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fọ mọ́tò lẹ́bàá títì, mo bẹ̀ yín tọkàntọkàn, ẹ má ṣe é mọ́.

Nítorí kí ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀? Nítorí vernis, ọ̀dà tó mọ́ gaara, tí kò láwọ̀, tó wà lókè ọ̀dà dúdú gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò nípọn ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 50 lọ. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Pọ́líìṣì kì í fi nǹkan kún un. Ńṣe ló ń họ díẹ̀ kúrò lójú vernis títí ojú náà á fi bá ìsàlẹ̀ ilà dọ́gba. Èyí tí ẹ bá họ kò ní hù padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó fẹ́ kí mọ́tò dúdú dán, orí fífọ̀ ló yẹ kó ti lo sùúrù jù.

Ẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ ibòòji, láàárọ̀ kùtù. Ara mọ́tò dúdú nínú oòrùn wa lè gbóná kọjá 60°C, omi á gbẹ sí i kí ẹ tó ṣíjú, á sì fi àmì funfun sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i kí yanrìn máa ṣàn lọ láìfọwọ́ kàn án. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lẹ máa lò: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tí ẹ ó ti máa ṣan aṣọ ìfọkọ̀ kí ẹ tó tún tì í bọ inú ọṣẹ. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àti táyà parí, aṣọ tó bá sì ti kan táyà kò gbọdọ̀ kan bónẹ́ẹ̀tì mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nù ún, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì máíkíròfáíbà lé e, ẹ jẹ́ kó fa omi, kí ẹ gbé e kúrò.

Ó ti mọ́ báyìí, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá làílọ́ọ̀nù, kí ẹ rọra fi pa ara ọkọ̀. Bó bá ń ṣe wẹ́rẹwẹ̀rẹ lọ́wọ́ yín, ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ vernis nìyẹn. Clay bar, amọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, ló ń yọ ọ́, pẹ̀lú omi ọṣẹ tó ń yọ̀. Bí amọ̀ náà bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ pọ́líìṣì sí i, ẹ wọn ọ̀dà náà. Tokunbọ̀ tó gba èbúté Kùtọnu wọlé ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, a ò sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti kùn ún. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180. Bí ibì kan bá ju 300 lọ, wọ́n ti tún un kùn tàbí kí pọ́tì, èyí tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún fi èékánná yẹ ilà wò. Èyí tó bá há èékánná ti jìn jù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fi téèpù bo rọ́bà àti etí ilẹ̀kùn, torí ọ̀dà fẹ́lẹ́ létí. Ẹ̀rọ dual action, èyí tó ń yí tó tún ń mì, ni mo fara mọ́. Èyí tó ń yí lójú kan máa ń gbóná, ó sì tètè ń jó ọ̀dà. Ẹ dán ibì kékeré kan wò ná, pẹ̀lú fóòmù orí ẹ̀rọ tó rọ̀ jù àti pọ́líìṣì tó rọ̀ jù. Bó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ má wá èyí tó le. Toyota dúdú tó ní nọ́ńbà ọ̀dà 202, fún àpẹẹrẹ, àwọn oníṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n sí ọ̀dà tó rọ̀ gan-an. Bí aṣọ bá le díẹ̀, ó ti ha á.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ̀kán pọ́líìṣì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìwọ̀n hóró ẹ̀wà, lórí fóòmù. Mo fi pa ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50 síbùú sóròó kí n tó tan ẹ̀rọ, kó má baà ta sí ojú wa. Mo ń rìn jẹ́jẹ́, ìrìn kan ń gun ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀, mo lọ, mo dábùú rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà. Mo nù ún. Mo wá fi ọtí líle ilé oògùn (alcool) tí mo pò mọ́ omi nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má fo èyí o! Òróró inú pọ́líìṣì máa ń dí ojú ilà, ọkọ̀ á dà bíi tuntun, òjò méjì á sì tú àṣírí. Lẹ́yìn ọtí, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì padà wá: ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn rẹ̀ ni òtítọ́. Lára dúdú, kurukuru díẹ̀ máa ń kù. Pọ́líìṣì tó kúnná jù lọ ló ń mú un kúrò.

Ìda ló kù. Carnauba ni mo fẹ́ràn, tí wọ́n ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní Bràsíl, ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà ìlú wa ti padà wálé. Ìda líle ni, kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 80°C. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí àpọ̀jù kì í ṣe nǹkan kan ju kó bá yín jà nígbà nínù.

Tí ẹ bá dé òde, ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ kó má fi nǹkankan nu eruku. Bí ẹyẹ bá ṣu sí i, kí ẹ má dúró di alẹ́. Nínú oòrùn, ó lè jẹ ojú vernis láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e kó rọ̀ ná, kí ẹ wá gbé e kúrò láìfà á.